Àdúrà fún Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọ̀tá Mi

Odindi ọdún mẹ́rin ni mo fi ń kí obìnrin kan pé "Àlàáfíà fún ọ" ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, tí n kò sì fẹ́ àlàáfíà kankan fún un. Ìjọ Aládùúrà kan náà la jọ ń lọ, nínú gbọ̀ngàn kan tí kò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Dagenham East, nílùú òyìnbó níbí. Ẹgbẹ́ akọrin kan náà la wà, ìlà kan náà la sì máa ń jókòó sí. Ẹni tó bá ń wò wá láti ẹ̀yìn nínú aṣọ funfun wa á ní ọmọ ìyá kan náà ni wá. Ká ní wọ́n lè la inú mi wò ni, wọn ò ní rí ohun funfun kankan níbẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ èmi ni mo ń sọ ìtàn yìí, ẹ ó kàn fara mọ́ ọn ni.

Ọdún kan náà la bí ọmọbìnrin, èmi àti òun. Àwọn ọmọ náà ga ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, wọ́n sì jọ kọ́ bọ́ọ̀lù àjùsápẹ̀rẹ̀ ní pápá Parsloes, lórí ilẹ̀ kọnkéré tí àwọn ọmọkùnrin kì í fẹ́ gbé sílẹ̀ fún wọn. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Creekmouth, níbi tí mo ti ń di oúnjẹ sínú páálí, pápá yẹn ni mo máa ń gbà lọ tààrà, pẹ̀lú ìrẹsì gbígbóná nínú kúlà fún àwọn méjèèjì. Ẹ gbọ́ dáadáa, fún àwọn méjèèjì ni mo wí. Tèmi ló mọ bọ́ọ̀lù náà jù. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́, kóòṣì ẹgbẹ́ àdúgbò tí wọ́n jọ ń gbá fún ló sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo wa, tòun tìyá ọmọ kejì.

Nígbà tí wọ́n ń parí ilé-ẹ̀kọ́, ọkùnrin kan ń bọ̀ láti yunifásítì ńlá kan ní Amẹ́ríkà láti wá wò wọ́n. Yunifásítì yẹn lórúkọ. Ọdọọdún ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wọn máa ń wà nínú ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọmọ kan ṣoṣo ló fẹ́ mú, gbogbo ẹni tó bá lójú sì mọ ọmọ tí yóò mú.

Ó ku díẹ̀ kí ọkùnrin náà dé ni orúnkún ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà, dókítà ní kó sinmi, yóò lọ. Àmọ́ ìyá ni mí, ọkàn mi ò balẹ̀. Nínú ìjọ wa, ẹni tó bá ní ẹrù lọ́kàn máa ń mú alájọgbàdúrà kan. Ẹ̀yin méjèèjì á tan àbẹ́là, ẹ ó kúnlẹ̀, wàá sì sọ ohun tó ń dùn ọ́. Ohun tí a bá sọ níwájú àbẹ́là yẹn, ibẹ̀ ló ń kú sí. Ẹnikẹ́ni kì í gbé e jáde, ìbáà ṣe fún ọkọ ẹni. Obìnrin yìí ni alájọgbàdúrà mi. Mo sọ fún un nípa orúnkún ọmọ mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó sunkún pẹ̀lú mi, ó ní ọmọ òun náà ni.

Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà tó fi gba ọ̀dọ̀ kóòṣì lọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rọra lò ó o. Orúnkún ọmọ yẹn ò dáa, a ti ń gbàdúrà sí i." Bó ṣe wí nìyẹn. Kóòṣì rò pé àánú ọmọ mi ló ń ṣe é, ó sì sọ fún ará Amẹ́ríkà náà. Ẹni yẹn ní ilé-ẹ̀kọ́ òun kì í mú ọmọ tí orúnkún rẹ̀ ní ìtàn. Kò tilẹ̀ wo bí ọmọ mi ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù kó tó mú ọmọ kejì lọ. Kóòṣì fúnra rẹ̀ ló sọ ẹni tó wá bá a fún mi, ó rò pé ohun tó máa dùn mọ́ mi ni. Ó ní ọ̀rẹ́ gidi ni mo ní. Bí ikú ilé ò pa ni, tòde ò lè pa ni.

Mo lọ bá a. Mo bi í pé, "Àbí mi ò sọ ọ́ níwájú àbẹ́là?" Ojú rẹ̀ ò tilẹ̀ yí padà. "Sister mi, nítorí ààbò ọmọ náà ni. I was only looking out for her. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, what is for her will not pass her." Ó wá fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń rẹ ọmọ tó ṣubú lẹ́kún. Títí di òní, tí mo bá rántí ọwọ́ yẹn, ara mi máa ń gbóná.

Ọmọ mi rí yunifásítì kékeré kan tó mú un ní tirẹ̀, ní ìlú kan tó tutù bí inú fíríìjì, tí àwọn ará Amẹ́ríkà pàápàá máa ń béèrè pé ibo ló wà. Orúnkún náà san kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ní Dagenham, èmi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tèmi. A kì í wọ bàtà wọ ilé àdúrà wa, ẹnu ọ̀nà la máa ń kó wọn sí. Bí òjò bá ń bọ̀, bàtà tirẹ̀ ni mo máa ń fẹsẹ̀ tì síta díẹ̀díẹ̀ títí òjò á fi bá a. Nígbà ìkórè, èmi ni mo máa ń bu oúnjẹ, ọrùn adìyẹ ló sì máa ń bọ́ sínú àwo rẹ̀, ọdọọdún, ọrùn. Ó ti lè máa rò pé adìyẹ ìjọ wa kò ní itan. Mo mọ̀ pé ìwà ọmọdé ni. Ó sì dùn mọ́ mi dé ọkàn.

Àmọ́ kí ni ọrùn adìyẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí òun ń fi mí ṣe? Lọ́dọọdún tí wọ́n bá ti pe ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀ sínú ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè, obìnrin yìí á gbé apẹ̀rẹ̀ èso wá fún ìdúpẹ́, á jó láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ. Èmi tí mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ni mo máa ń gbe orin fún un. Bí mo bá délé, mo máa ń pe ọmọ mi, màá ro gbogbo rẹ̀ fún un, màá ṣépè díẹ̀. Ohun kan náà ló máa ń sọ. "Mummy, leave it. It's done. Ẹ jẹ́ kó lọ, please." Mo máa ń sọ fún ara mi pé bàbá rẹ̀ ló jọ. Bàbá rẹ̀ náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń bínú.

Ọdún tó kẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni nǹkan yí padà. Ọmọ mi ni balógun ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í na gbogbo ẹni tó bá dojú kọ wọn. Yunifásítì kékeré yẹn kò tíì wọ ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ọmọ mi fẹ́ wọ̀ ọ́ kó tó kúrò. Lẹ́yìn ọdún yìí, kò sí bọ́ọ̀lù mọ́ fún un, iṣẹ́ ọ́fíìsì ló kù. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó ń bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn, òun tí kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ Ọlọ́run fún nǹkan.

Wọ́n dé àṣekágbá líìgì wọn, bọ́ọ̀lù kan péré ni wọ́n sì fi pàdánù ife. Ó pè mí lórí fóònù. Kò sunkún. Ohùn rẹ̀ gbẹ ni, ìyẹn sì dùn mí ju ẹkún lọ.

"Ṣé ó ti parí nìyẹn?" mo bi í.

"Not yet, Mummy. Ó ku ìgbìmọ̀."

Ó wá ṣàlàyé. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọ ìdíje yẹn. Ẹgbẹ́ tó bá gba ife líìgì tirẹ̀ ti wọlé nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò lè yọ ọ́. Àyè tó bá ṣẹ́kù, ìgbìmọ̀ kan ló máa jókòó tí á fi í fún àwọn tó bá wù ú nínú àwọn tí kò gba ife. Àwọn tó ń ṣírò rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ẹgbẹ́ ọmọ mi ló máa gba àyè tó kẹ́yìn pátápátá, tí nǹkan ò bá bàjẹ́.

"Kí ló lè bà á jẹ́?"

"If a big team loses its own final. Ẹgbẹ́ kékeré tó nà wọ́n máa fi ife wọlé, and the big team will still get picked, because they're big. That's one space gone. Tiwa nìyẹn."

Ni mo bá di ẹni tó ń bẹ Ọlọ́run fún àwọn alágbára. Èmi tí mo ti ń gbàdúrà fún aláìní láti kékeré! Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, tí a bá ní ìsinmi níbi iṣẹ́, fóònù mi ni màá gbé sórí páálí, màá wò bóyá àwọn ńlá ti borí. Wọ́n ń borí. Ó wá ku àṣekágbá kan ṣoṣo, tí wọ́n máa gbá lọ́jọ́ Sátidé. Nínú líìgì yẹn, ẹgbẹ́ kan ló tóbi, ìyókù ò já mọ́ nǹkan. Ẹ ti mọ ẹgbẹ́ náà.

Ọmọ mi tún pè mí. "Mummy, you know who we need."

"Mo mọ̀."

"Ẹ má bínú."

Mo bínú. Mo fi ìbínú fọ abọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn títí ọ̀kan fi fọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń dúró de ọjọ́ tí ẹgbẹ́ yẹn máa ṣubú lójú ayé, kí obìnrin yẹn gbé apẹ̀rẹ̀ èso rẹ̀ padà sílé. Ọjọ́ náà ti ń bọ̀ wàyí, bó bá sì dé, ọmọ mi ni yóò wó lé lórí.

Àkókò ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ni, a sì ní ìpàdé àdúrà lọ́jọ́ Jímọ̀. Nígbà tí Bàbá Olùṣọ́ béèrè ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀, obìnrin náà dìde. "Ẹ bá mi gbàdúrà fún ọmọ mi o. Final wọn ni lọ́la, ẹsẹ̀ wọn ò sì balẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí." Kó tó parí ọ̀rọ̀ ni mo ti kígbe "Àmín!" tí ọmọdé kan fi jí lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Gbogbo ojú yíjú sí mi. Inú Bàbá dùn, ó ní kí n bọ́ síwájú, kí èmi gan-an gbàdúrà náà. Mo kúnlẹ̀. Eyín mi ń lọ ara wọn. Mo ní, "Olúwa, fún wọn ní ìṣẹ́gun lọ́la." Mo gbé e yẹ̀ wò, mo rí i pé ó ti pọ̀ jù. Mo fi kún un pé, "Lọ́la nìkan, Olúwa."

Lẹ́yìn ìpàdé, ó dì mọ́ mi, omijé rẹ̀ sì ń rin aṣọ mi. "Sister mi, mo ti mọ̀ pé Ọlọ́run máa fọwọ́ tọ́ ọkàn yín. Mo mọ̀ pé ẹ ti dárí jì mí."

"Kí ọmọ yín sáà borí," ni mo dá a lóhùn. Òótọ́ tí mo lè sọ ò ju ìyẹn lọ. Ó gbá mi lẹ́yìn jẹ́jẹ́.

Lọ́sàn-án Sátidé, ẹnìkan kanlẹ̀kùn ilé mi. Màmá Èkìtì ni, àgbà obìnrin kan nínú ìjọ wa, òun nìkan ni mo sọ ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn fún láti ìdí dé òkè. Ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó wá sípàdé Jímọ̀. Ó gbé àbẹ́là pupa dání àti omi nínú ike, ó sì ti di gèlè rẹ̀ le bí ẹni tó ń lọ sógun.

"Mo gbọ́ pé òní ni wọ́n máa gbá a," ó wí. "Ọjọ́ ti pé, ọmọ mi. A ó gbàdúrà wó wọn mọ́lẹ̀."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Àdúrà kí wọ́n borí la máa gbà."

Ó wò mí. "Olúa mi o. Ta ni? Ẹni tó tú àṣírí àbẹ́là?"

Mo fún un ní àga. Mo ṣàlàyé gẹ́gẹ́ bí ọmọ mi ṣe ṣàlàyé, kò yé e. Mo wá ní, "Màmá, ẹ wo tábìlì ọlọ́lá nígbà ìkórè. Gbogbo alága ẹgbẹ́ ló ní àga tirẹ̀ níbẹ̀, àbí? Àga tó bá ṣẹ́kù, Bàbá ló máa pín in."

"Ó pín in fún mi léṣìí."

"Ẹ kì í ṣe alága. Bàbá kàn wo ojú yín ni. Tí wọ́n bá wá yọ alága ẹgbẹ́ kan nígbà tí ìkórè ku ọ̀la ńkọ́? Alága tuntun á jókòó. Ṣé Bàbá lè ní kí alága àná dúró, pẹ̀lú gbogbo ọlá rẹ̀?"

"Kò tó bẹ́ẹ̀. Á wá àga fún un."

"Àga ta ni?"

 Mo rí i lójú Màmá Èkìtì nígbà tó yé e, nítorí pé ó gbá etí àga tó jókòó lé mú bí ẹni pé wọ́n ti ń fà á lábẹ́ rẹ̀. "Tèmi," ó wí. Ó fẹ́ àbẹ́là pupa tó ti tàn pa, ó ní kí n bá òun wá funfun.

A tan ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ọmọ mi fi sílẹ̀. N kò fẹ́ kí ìgbà kankan nínú ayé mi tún rí bí ọ̀sán yẹn. Àwọn aláìlágbára yẹn gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ti bá ikú pàdé tó sì padà. Wọ́n ń ṣíwájú, wọ́n tún ń ṣíwájú, Màmá sì ń fi ohùn Èkìtì bá wọn wí pé kí wọ́n mọ ìwọ̀n ara wọn. Nígbà tó ku bí ẹni pé kí wọ́n fọn fèrè, ẹgbẹ́ ńlá fi àmì kan ṣoṣo gbẹ́yìn. Ni ẹnìkan bá gbá ọmọ obìnrin yẹn lulẹ̀ níbi tó ti ń fò. Wọ́n fún un ní jíjù méjì, láìsí ẹni tó máa dí i lọ́wọ́. Bí méjèèjì bá wọlé, wọ́n borí. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ sún mọ́ wa. Ọmọ tí mo bu ìrẹsì fún ní pápá Parsloes ti di géńdé obìnrin. Mo wo orúnkún rẹ̀ méjèèjì, wọ́n dán, wọ́n gún. Gbogbo èèrí inú mi ní kí jíjù yẹn yẹ̀. Mo fọwọ́ bo ẹnu ara mi kí ó má baà jáde. Àkọ́kọ́ wọlé. Èkejì lu irin apẹ̀rẹ̀, ó yí i ká, ó tún yí i ká, ó sì rọra jìn sínú rẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ wọlé. Màmá Èkìtì bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún, n kò sì lè sọ irú ẹkún tó jẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, obìnrin náà jó. Mo gbe orin. Ó tún pè mí síwájú kí gbogbo ìjọ lè rí ẹni tí àdúrà rẹ̀ gbà. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìgbìmọ̀ máa kéde, nígbà tí a bá ti sùn níbí. N kò jí sí i. Ọkàn mi ò lè gbé e.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, inú bọ́ọ̀sì láti Barking lọ sí Creekmouth ni fóònù mi ti dún. Ọmọ mi ò tíì sùn. Ariwo pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin ń kọrin.

"Mummy, we're in! Wọ́n pè wá! The very last name!"

Mo pariwo. Gbogbo bọ́ọ̀sì yíjú wò mí, mo ní kí wọ́n má bínú, ọmọ mi ni, wọ́n ti yan ọmọ mi. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lóhùn rara, mo sì béèrè ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ bá gbá.

 Mo gbọ́ tó jáde kúrò nínú ariwo náà, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn sé.

"Them," ó wí.

"Àwọn wo?"

"Mummy. Them."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ọlọ́run ti gbé wọn lé wa lọ́wọ́! Mo sọ fún un pé tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ọ̀dọ̀ Màmá Èkìtì ni mò ń lọ tààrà, a ó gbààwẹ̀, a ó tan àbẹ́là pupa yí ilé ká, kò sí ohun tí ẹnu mi ò ní sọ fún Ọlọ́run nípa wọn lọ́tẹ̀ yìí.

"Mummy, rárá. Ẹ má gbàdúrà sí èyí."

Mo mí kanlẹ̀. Mo ti mọ ohun tó kàn, leave it. Àmọ́ kì í ṣe ohun tó sọ nìyẹn. Ó fi Yorùbá sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, ọmọ tí kì í sọ gbólóhùn méjì kó má ti èdè òyìnbó bọ̀ ọ́.

"Ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi ṣe é. Ọmọ yẹn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ lọ bá kóòṣì. Ó mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó wo orúnkún mi, ó sì rẹ́rìn-ín. N kò sọ fún yín rí. Láti ọdún mẹ́rin, kò sí ọjọ́ tí mo gbé bọ́ọ̀lù tí n kò rí ẹ̀rín yẹn." Ohùn rẹ̀ tutù, kò gbọ̀n. "Ẹ má bá mi bẹ Ọlọ́run. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Ọlọ́run ló ṣe é."

Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu mi. Ẹni tí mo ní bàbá rẹ̀ ló jọ. Ẹ̀rù ọmọ mi bà mí, n kò ní purọ́. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ìyá ni kí n sọ fún un pé kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kó lọ gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ bí ọmọlúàbí, kó má jẹ́ kí ìbínú ba ọjọ́ tó ti ń dúró dè jẹ́. Bọ́ọ̀sì dúró níbi tí mo ti máa sọ̀kalẹ̀. Mo la ẹnu.

"Máa jẹun dáadáa títí ọjọ́ náà," ni mo sọ fún un. "Kí o sì lọ sùn."